Ilé Gogoro Inú Igbó: Ìtàn Ayé Commodore William James ti Shooters Hill

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń gbé Woolwich, Plumstead àti Thamesmead ni ó ti bá àwọn ọmọ rìn wọ inú igbó orí Shooters Hill rí. Igbó náà ni àwọn ará àdúgbò dìde dúró fún nígbà tí ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí odò Thames, títí ìjọba fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1993. Ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Castle Wood nínú igbó yìí, ilé gogoro kan wà níbẹ̀ tí ó ní igun mẹ́ta, tí a fi bíríkì kọ́, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 63. Severndroog Castle ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá wa lọ ṣeré níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi wá léèrè pé ilé ta nìyí. A ní ilé àwọn ará àtijọ́ ni. Ọmọ náà tún béèrè bóyá ọba ni ó ń gbé ibẹ̀. A kò rí èsì gidi kan fún un. Ojú tì wá díẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. A lọ wo ìwé nílé ìkàwé, ohun tí a rí sì kọjá ohun tí a rò.

Kì í ṣe ilé ọba. Opó kan ni ó kọ́ ọ ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó sọ ọkọ náà di olókìkí ni pé ó ń fi ọkọ̀ ogun sìn àwọn ọkọ̀ oníṣòwò lójú òkun, kí àwọn tí ń dọdẹ wọn má bàa kó wọn lọ. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín nínú ìwé ìròyìn wa ti ẹ̀ẹ̀kẹrin ọdún yìí. Ẹ fi sùúrù bá wa lọ, nítorí ìtàn náà yóò gbé wa dé Íńdíà kí ó tó gbé wa padà sí Èkó.

A bí William James ní nǹkan bí ọdún 1721, nítòsí Milford Haven ní Pembrokeshire, ní ilẹ̀ Wales. Ọmọ tálákà ni. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ilé ọlọ ni bàbá rẹ̀ ń bójú tó, àti pé William fúnra rẹ̀ ti bá wọn ro oko rí kí ó tó sá lọ sójú òkun ní ọmọdé. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Edward Hawke, ẹni tí ó padà di ọ̀gágun ojú òkun tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ní àgbègbè àwọn erékùṣù Caribbean. Lẹ́yìn èyí ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò tí ó ń ná Virginia, àwọn ará Spéènì sì mú un, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Havana ní Cuba.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa àkókò yìí. Wọ́n ní nígbà tí ó jáde lẹ́wọ̀n, ọkọ̀ tí ó wọ̀ rì, òun àti àwọn bíi méje sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan pẹ̀lú àpò bisikíìtì kan àti agbè omi kan ṣoṣo. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi wà lójú agbami. William James mú àpótí áṣáà rẹ̀ jáde, ó sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, ìdérí rẹ̀ ni ó sì fi ń bu omi fún olúkúlùkù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ju ti ẹnìkejì lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé wọn dé èbúté, wọ́n wò ó, Cuba náà tún ni, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Àwa tí a ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí òǹgbẹ lè sọ ènìyàn dà: ètè á bó, ahọ́n á le bí igi, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹni tí kò bá lè mú sùúrù a sì bu omi òkun mu, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì yára pa á. Bí ìtàn yìí bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọkùnrin tí ó lè fi àpótí áṣáà pín omi dọ́gba fún ogún ọjọ́ láàárín àwọn tí òǹgbẹ ń pa, ẹni tí a lè fi ọkọ̀ àádọ́rin lé lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, a gbọ́ pé ó fẹ́ obìnrin kan tí ó ni ilé ọtí ní Wapping, ní etí odò Thames. Ìyẹn ni ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1747 ó wọ iṣẹ́ Kọ́ńpìnnì East India.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Kọ́ńpìnnì yìí, nítorí àwọn ọmọ wa lè rò pé ilé ìtajà lásán ni. Ẹ rántí Royal Niger Company, èyí tí Ọbabìnrin Victoria fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1886, tí ó ń gba owó orí, tí ó ní ọmọ ogun, tí ó ń dájọ́, títí ìjọba fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1900. Irú rẹ̀ náà ni Kọ́ńpìnnì East India, àmọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó sì tóbi jù. Láti ọdún 1600 ni ó ti gba ìwé àṣẹ. Ata, aṣọ òwú, ṣẹ́dà, tíì àti ẹ̀tù ìbọn ni ó ń kó. Ó ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀ ní Bombay, èyí tí wọ́n ń pè ní Bombay Marine. Kì í ṣe ọmọ ogun ọba. Àwọn oníṣòwò ni ó ń san owó wọn.

Ní ọdún 1749 wọ́n fi William James ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Guardian, èyí tí ó túmọ̀ sí alágbàtọ́ tàbí olùṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sìn àwọn ọkọ̀ ọjà láti Bombay àti Surat lọ sí Òkun Pupa, lọ sí ilẹ̀ Páṣíà, àti lọ bọ̀ ní etíkun Malabar. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ní etíkun náà ni ìdílé Angre.

Ta ni Angre? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, olè ojú òkun ni wọ́n pè é, Angria ni wọ́n sì ń kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kanhoji Angre, ẹni tí ó kú ní ọdún 1729, ìjòyè ni lábẹ́ ìjọba Maratha. Sarkhel ni oyè rẹ̀, ìyẹn ni olórí ọkọ̀ ogun ojú òkun, bí ẹni pé a sọ pé Balógun orí omi. Ó ní ìlànà kan: ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ kọjá ní etíkun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ nípa oníbodè láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí a kò lè gbé ẹrù kọjá ẹnu bodè ìlú láìsan owó bodè, ohun tí à ń sọ kò ní ṣàjèjì sí yín. Kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ọmọ ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ra ti Angre. Nítorí náà Angre a mú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí William James fi dé etíkun náà, Tulaji, ọmọ Kanhoji, ni ó jókòó sórí àlééfà ní apá gúúsù, òun náà kò sì gbọ́ ti àwọn olórí Maratha mọ́. Ó ti gbójú débi pé ó ń kọlu ẹni tí ó bá wù ú.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọkọ̀ ọjà kò le. Ọkọ̀ tí ó bá ń dá lọ, ẹran ìjẹ ni. Nítorí náà wọn a kó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jọ ní èbúté kan, wọn a dúró de ara wọn, wọn a wá jọ gbéra lọ́wọ̀ọ́ lọ́wọ̀ọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èrò ọ̀nà ilẹ̀ wa ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà tí àwọn ajínigbé sì ń lúgọ sínú igbó: kò sí ẹni tí ó jẹ́ dá gbé ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú, àfi kí wọ́n kóra jọ pẹ̀lú àwọn tí ó gbé ìbọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí ó lọ́ra jù ni gbogbo wọn máa ń dúró dè. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kú, ọkọ̀ ńlá onígbòkun a dúró gbọin, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Angre ní àjẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń tù wọ́n. Wọn a rọra gba ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá wá, níbi tí àgbá kò pọ̀ sí, wọn a yìnbọn bà á ní òpó ìgbòkun, wọn a sì fò lé e pẹ̀lú idà.

Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ tí ó tó àádọ́rin wà lábẹ́ àbójútó William James. Wọn kì í ṣe ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ kéékèèké tí ń ná èbúté dé èbúté ni wọ́n. Ọkọ̀ Angre mẹ́rìndínlógún ni ó já lù wọ́n. James ní Guardian, ó sì ní ọkọ̀ ogun méjì mìíràn. Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ògiri láàárín àwọn ọ̀tá àti àwọn ọkọ̀ ọjà, ó ń yìn wọ́n lágbá láìsinmi, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń sá lọ sí èbúté Tellicherry. Gbogbo wọn ni ó dé ibẹ̀ láyọ̀. Bí a bá bi wá, iṣẹ́ ọjọ́ yìí ni a ó yìn ín fún jù, nítorí àwọn atukọ̀ tí ó gbà là jẹ́ aláìní ìbọn, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Íńdíà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ilé gogoro nítorí rẹ̀. Ogun gbígba odi ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ní ọdún 1751 ó di Commodore, olórí gbogbo ọkọ̀ ogun Kọ́ńpìnnì ní Bombay. Ní ọdún 1755, Kọ́ńpìnnì àti ìjọba Maratha fìmọ̀ ṣọ̀kan láti kọlu Tulaji. Ní oṣù Kẹta ni James jáde ní Bombay nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Protector, tí ó ní àgbá 44, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ kéékèèké mélòó kan. Wọ́n pàṣẹ fún un pé ojú òkun nìkan ni kí ó ti jà, kí ó má fi ọkọ̀ rẹ̀ wewu lábẹ́ odi. Àwọn ọkọ̀ Angre rí i, wọ́n sá. Ìsáré náà kò kéré: wọ́n ń da ẹrù sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n ta gbogbo ìgbòkun tí wọ́n ní, nígbà tí ìyẹn kò sì tó wọ́n, wọ́n bọ́ aṣọ ara wọn, wọ́n tú láwàní orí wọn, wọ́n fi wọ́n kọ́ kí afẹ́fẹ́ lè rí ohun tì. James kò bá wọn.

Ó wá yí padà sí odi wọn. Suvarnadurg ni orúkọ odi náà ní èdè àwọn tí ó ni ín, Odi Wúrà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orí erékùṣù olókùúta ni ó wà, ní ẹ̀bá ilẹ̀, pẹ̀lú àwọn odi mìíràn tí ó kọjú sí i lórí ilẹ̀. Ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò lè pè é, wọ́n sọ ọ́ di Severndroog. Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Àwọn kan náà ni wọ́n ń kọ Abẹ́òkúta ní oríṣiríṣi ọ̀nà, tí Èkó sì ń jẹ́ Lagos títí di òní.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1755, James kò tẹ̀lé àṣẹ tí wọ́n pa fún un. Àwọn ọkọ̀ Maratha tí ó bá a wá dúró lókèèrè, ṣùgbọ́n òun gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wọ inú omi tí kò jìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò àgbá lé odi náà. Ohun tí ó ṣẹ́gun odi náà kì í ṣe agbára ọta tí ó ń lu òkúta. Iná bọ́ sórí ilé tí a fi koríko bò nínú odi, ó ràn dé ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí, gbogbo rẹ̀ sì bú gbàmù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà nínú odi, tí ó fi mọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé, sá jáde láti gba orí omi lọ sórí ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo àwọn odi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú Bombay dùn, wọn kò sì bi í léèrè àṣẹ mọ́. Ẹni tí ó bá rú òfin ọ̀gá, tí ó wá pàdánù, ilé ẹjọ́ ni. Ẹni tí ó bá rú u tí ó sì borí, oyè ni.

Ọdún kejì, ní oṣù Kejì ọdún 1756, Ọ̀gágun Watson àti Robert Clive lọ gba Gheria, olú odi Tulaji. James ni ó kọ́kọ́ yọ́ lọ wọn jíjìn omi ibẹ̀ tí ó sì wá jíṣẹ́ pé odi náà kò le tó bí wọ́n ti ń bẹ̀rù. Wọ́n jó gbogbo ọkọ̀ Tulaji. Owó tí wọ́n bá nínú odi tó mílíọ̀nù kan owó rúpì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì pín in láàárín ara wọn láìfún àwọn Maratha tí wọ́n jọ dá ogun náà sílẹ̀. Tulaji kú sí àtìmọ́lé. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mọ́ ní etíkun náà tí ó lè dá Kọ́ńpìnnì dúró lójú omi.

Ọdún kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọdún Méje, láti 1756 dé 1763. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan sọ pé òun gan-an ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nítorí wọ́n jà á ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà, ní Íńdíà, ó sì kan ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa náà: ní ọdún 1758 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Saint-Louis ní Senegal àti erékùṣù Gorée lọ́wọ́ Faransé. Nínú ogun yìí, bí ó ti rí nínú gbogbo ogun ojú òkun, ọkọ̀ ọjà ọ̀tá ni wọ́n ń wá kiri, nítorí ẹni tí ó bá gé ọjà ẹnìkejì rẹ̀ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn ogun dé Bombay, Watson àti Clive ti wà ní Bengal, ní ìhà kejì Íńdíà, afẹ́fẹ́ àsìkò náà sì ń fẹ́ ní ìlòdì sí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀nà kò sí. James ní ọ̀nà wà. Ó ya sí gúúsù, ó kọjá ìlà agbedeméjì ayé, ó wá afẹ́fẹ́ mìíràn rí níbẹ̀, ó gbà á lọ sí ìlà oòrùn títí ó fi dé orí ilẹ̀ Sumatra, ó wá yí padà gòkè wọ Bengal. Ọmọ ogun tí ó kó dání tó 500. Ìròyìn náà àti àwọn ọmọ ogun náà dé ní àkókò tí Clive àti Watson fi lè kọlu Chandernagore, ìlú àwọn Faransé, tí wọ́n sì gbà á ní oṣù Kẹta ọdún 1757. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni ó wú àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jù, nítorí kò sí ìbọn nínú rẹ̀, òye ni.

Ní ọdún 1759 ó padà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilé ọlọ ti di olówó. Ó ra ilé àti ilẹ̀ ńlá ní Eltham, ní ẹsẹ̀ òkè Shooters Hill, ní ọdún 1765 ó sì fẹ́ Anne Goddard, ọmọ ìdílé kan láti Wiltshire. Wọ́n ní ilé ní Gerrard Street ní Soho pẹ̀lú. Laurence Sterne, òǹkọ̀wé tí gbogbo ìlú ń kà nígbà náà, jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Sterne yìí kan náà ni Ignatius Sancho kọ lẹ́tà sí nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ọmọ Áfíríkà ni Sancho, tí a tọ́ ní Greenwich. A kò sọ pé Sancho tẹ ilé James, ṣùgbọ́n ó dára kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ti ń rìn ní àdúgbò yìí láti ìgbà náà.

Oyè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé oyè. Ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí Kọ́ńpìnnì, ó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún West Looe ní ọdún 1774, ọba fi oyè Baronet dá a lọ́lá ní ọdún 1778, ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí alága Kọ́ńpìnnì ní ọdún 1779.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1783 ni ó kú. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Wọ́n sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó kọlù ú. Ọ̀sẹ̀ náà le fún gbogbo Kọ́ńpìnnì, nítorí àbá òfin kan wà níwájú ilé aṣòfin láti gba àkóso Íńdíà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ gan-an ni ilé àwọn ìjòyè dà á nù. Ó tó ẹni ọdún 62. Ẹ dárí jì wá, iṣẹ́ wa kò jẹ́ kí a kọjá ibí yìí láìdúró. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni ó ti ṣubú lọ́jọ́ ìnáwó ọmọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọn kò sùn dáadáa, tí wọn kò sì rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí.

Ilé ìjọsìn St John's ní Eltham ni wọ́n sin ín sí. Anne ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìrántí rẹ̀ parẹ́. Ní ọdún 1784 ó gbé iṣẹ́ fún Richard Jupp, ayàwòrán ilé tí ó ń bá Kọ́ńpìnnì ṣiṣẹ́, pé kí ó kọ́ ilé gogoro sórí òkè, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ń wọ odò Thames ti lè rí i.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ọdún 1922 ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ra ibẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń ta tíì nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ṣe ibi tí a ti ń ṣọ́ ọkọ̀ òfurufú Jámánì tí ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù. Ó bá orúkọ ẹni tí a kọ́ ọ fún mu, nítorí ogun náà tún jẹ́ ogun lórí ọkọ̀ ọjà. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń dọdẹ ọkọ̀ ní Atlantic, wọ́n sì ń kó àwọn ọkọ̀ tí ó gbé epo pupa, ẹ̀pà àti kòkó tiwa jọ sí Freetown kí wọ́n tó gbéra lọ́wọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí James ṣe ń kó tirẹ̀ jọ ní Bombay. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá ọkọ̀ Elder Dempster wá sí ìlú yìí á rántí orúkọ Apapa àti Abosso. Ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lu Apapa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, ó sì rì. Abosso ń dá lọ, kò sí ọkọ̀ ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi kan rí i ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Ènìyàn 362 ni ó bá a lọ. Àwọn tí ó yè kò ju 31 lọ.

Lẹ́yìn ọdún 1986, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé gogoro náà, wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará àdúgbò, tí kì í ṣe olówó, ni ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá owó kiri, títí wọ́n fi tún un ṣe tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2014.

Ṣùgbọ́n kí ni kí a sọ fún ọmọ tí ó béèrè? Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín ara wa, a kò fi ohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní akọni ni ọkùnrin náà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn ní kí a rántí Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, tí wọ́n rọ̀jò àgbá lé Èkó lórí títí ìlú fi jóná, tí Kòsọ́kọ́ fi sá tí Akíntóyè sì padà sórí oyè. Ogun Àhóyàyà ni àwọn ará Èkó ń pè é. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn wá fòpin sí, Kòsọ́kọ́ sì ń ṣe òwò ẹrú lóòótọ́, a kò ní bò ó. Síbẹ̀, kò pé ọdún mẹ́wàá sígbà náà tí wọ́n fi gba ìlú pátápátá, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Kò sí ilé gogoro ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ó kú sínú iná yẹn.

Èrò tiwa ni pé kí a sọ méjèèjì. James gba àádọ́rin ọkọ̀ là, ó pín omi dọ́gba, ó rí ọ̀nà níbi tí kò sí ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ náà sì wà lára ohun tí ó mú kí Kọ́ńpìnnì oníṣòwò di ọba lé orílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè lórí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní baba àwọn olè ojú òkun nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Íńdíà ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdó ọkọ̀ ogun wọn ní Mumbai láti ọdún 1951: INS Angre.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i. Ẹ wọ bàtà tó le, nítorí ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ nínú igbó. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn dúró nísàlẹ̀ mu tíì, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò kéré. Lókè pátápátá, ẹ ó rí odò Thames bí ó ti ń wọ́ lọ, àti gbogbo Lọ́ńdọ̀nù lápá kejì. Nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ fi òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́nu ọ̀nà han àwọn ọmọ. Orúkọ Sir William James wà níbẹ̀, ti odi náà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ó gbà á náà wà níbẹ̀. Orúkọ Angre kò sí níbẹ̀. Ti Anne tí ó náwó kọ́ ilé náà kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.